Orí Kẹrin: Ẹni tí Ìbídùn Fẹsẹ̀ Tì

"Ìpín iná rẹ ku ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún," ni kẹ̀kẹ́ náà wí lábẹ́ ìdí Ìbídùn. "Òkè ló wà níwájú. Rọra lò mí."

"Máa gòkè lọ jàre," Ìbídùn dá a lóhùn. "Ẹnu tó o fi ń rojọ́ yẹn náà ń jẹ iná."

Kẹ̀kẹ́ náà panu mọ́. Àpótí ẹyin mẹ́ta ni Ìbídùn so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, ó sì gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè òkè kọjá kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń ti ibodè, bí àwọn olùbẹ̀wò bá ti tò tán, tí wọ́n sì ti pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó bá pẹ́ dé, inú oòrùn ni yóò wà títí dìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin kì í bá oòrùn ṣọ̀rẹ́.

Ká sọ tòótọ́, kẹ̀kẹ́ oníná yìí ló sọ Ìbídùn di èèyàn ní Òkè-Ìdóko. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, tó ń kí àwọn tó ń lọ, tó tún ń kí wọn bí wọ́n bá ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà kò ṣe é gùn fún un. Ọ̀kadà elépo wúwo jù ú lọ, òórùn rẹ̀ sì máa ń mú un húkọ́. Ìgbà tí oníná dé, kò bèèrè ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò kan péré ló bèèrè. Ìbídùn tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ jí, àwọn tó ń pè é ní arọ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ẹlẹ́yin. Èéfín tán nílùú, ikọ́ àwọn ọmọdé rọlẹ̀, ariwo dáwọ́ dúró. Ìbídùn kì í ṣe abara-móore-jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bú kẹ̀kẹ́ oníná lójú rẹ̀, ìjà ni.

Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó gbé ọ náà ló ń ṣọ́ ọ. Ó mọ ibi tó o lọ, ó mọ ìwọ̀n ìdí rẹ, bó bá sì dé ẹnu ibodè, á rojọ́ rẹ fún Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà; ó tún ń gbọ́ ohun tó o sọ, ṣùgbọ́n inú ikùn rẹ̀ ló ń pa á mọ́ sí. Àbàwọ́n méjì ló ti wà lórí orúkọ Ìbídùn. Èyí àkọ́kọ́, ó gbé àgbò Iléyá sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ wọn àgbò náà, ó ní èèyàn kejì ni, òfin sì ní èèyàn kan ló gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ kan, àfi bí ìyá bá pọn ọmọ ọwọ́ kan. Èkejì, òjò ń rọ̀, omi ti gba ojú títì, ó wá yà sí ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, olùbẹ̀wò kan náà ló kọ àbàwọ́n náà: Ọ̀gá Adégbuyì, ọkùnrin agbọ̀nràndan tí aṣọ eérú ìjọba máa ń fún mọ́ níkùn. Nígbà tí Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ nítorí àgbò, ó bi í bóyá àgbò náà ní ìwé ìrìnnà.

Àbàwọ́n kẹta ni ikú àtàǹpàkò. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá kú, kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nílùú tó máa jí fún un mọ́ títí ayé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ìgbìmọ̀ máa yẹ ìwé gbogbo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wò, Ìbídùn sì ti ń ṣọ́ra ṣe láti oṣù méjì sẹ́yìn bí ẹni tó ń rìn lórí àfọ́kù ìgò.

Ìyànà kẹta ló ti rí i. Ọ̀gá Adégbuyì ló dúró láàárín ọ̀nà yẹn, tó ń ti kẹ̀kẹ́, tí kẹ̀kẹ́ kò lọ. Òógùn ti gba aṣọ eérú náà kan. Kẹ̀kẹ́ olùbẹ̀wò ni o, tuntun tó ń dán, tí bátìrì rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Iná ojú rẹ̀ ti kú fin-ín.

Inú Ìbídùn dùn. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn: inú rẹ̀ dùn dé gongo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá," ló wí, ó sì yí ọwọ́ iná láti kọjá.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ dúró!"

Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, Ọ̀gá Adégbuyì kò pe Ìbídùn ní Àǹtí rí. "Ìwọ obìnrin yìí" ló máa ń pè é. Ìyẹn ló jẹ́ kó tẹ bíréèkì.

"Ìpín mi ti tán," ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Irọ́ ni àwọn bátìrì tuntun tí wọ́n kó wá yìí. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó sọ fún mi pé ó ku ìdá ogójì. Mo dé ìdajì òkè, ó dákẹ́."

"Ẹ rìn ín, Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yín pé méjì."

"Kí n rìn, kí n tún máa ti irin yìí? Ọ̀sán ti fẹ́ kàn. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi tí n kò jẹ́… Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún olùbẹ̀wò tí kò bá jẹ́ orúkọ rẹ̀. Aṣọ yìí ni wọ́n máa bọ́ lọ́rùn mi lójú gbogbo èèyàn."

"Áà. Ojú ò ní tì yín jù. Òógùn ti bá wọn bọ́ ọ dé ìdajì."

Adégbuyì gbé e mì. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò sí ẹnìkan lójú ọ̀nà. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ fẹsẹ̀ tì mí."

Ẹnu ya Ìbídùn. Láti ayé àwọn ọlọ́kadà elépo ni àṣà ìfẹsẹ̀tì ti wà. Bí ọ̀kadà ẹnìkan bá kú sọ́nà, ẹlòmíràn á sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, á na ẹsẹ̀ òsì, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ibi ìfẹsẹ̀lé kẹ̀kẹ́ onítọ̀hún, wọ́n á sì jọ máa sáré lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tí wọ́n ń tì. Ọlọ́kadà ni bàbá Ìbídùn, ó sì máa ń sọ pé ọlọ́kadà tó bá kọ̀ láti fẹsẹ̀ ti ẹnìkejì rẹ̀, kó má gbàgbé pé irin lòun náà gùn. Nígbà tí oníná dé, Ìgbìmọ̀ fi òfin dè é. Iná tí wọ́n pín fún ọ láàárọ̀, ìwọ nìkan lo ni ín. Wọn kì í yá a, wọn kì í ta á, wọn kì í sì í fẹsẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn.

"Ọ̀gá Adégbuyì, ẹ̀yin lẹ kọ àkọlé òfin yẹn sára ògiri ilé ìwé àwọn ọmọ wa."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tún fi ọ̀dà pupa kọ ọ́."

"Àǹtí Ìbídùn, mo ní mo mọ̀! Ẹ wò ó, àbàwọ́n méjì ló wà lọ́rùn yín. Èmi ni mo kọ wọ́n, èmi náà ni mo lè pa wọ́n rẹ́. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, orúkọ yín á mọ́ fófó. Mo fi ìyá tó bí mi búra."

Bóyá nítorí àbàwọ́n méjì yẹn ni o, bóyá nítorí bàbá rẹ̀ tó ti wà ní sàréè ni, Ìbídùn kò lè sọ. Ó ṣì ń wá èébú tó tún máa fún un nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì òun ti jáde, ó ti wà lára irin kẹ̀kẹ́ Adégbuyì. Ó yí ọwọ́ iná. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì gbéra.

"Ẹrù ti pọ̀ jù," ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wí. "Ẹrù àjèjì. Ìpín rẹ ku ìdá mẹ́rìnlá."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Wọ́n ń gòkè. Itan òsì Ìbídùn ń gbọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní náà ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Adégbuyì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mú, ó nà gbọọrọ bí ọba tí wọ́n ń gbé kiri. Bó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá má rí báyìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùbẹ̀wò ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

"Bátìrì yín yìí mà lágbára o," ló wí. "Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé, mo rántí i nínú ìwé. Bátìrì kì í kọjá ọdún mẹ́rin. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Nítorí bí ẹnìkan bá ti ṣí i, ẹ mọ̀ pé mo máa ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìfẹsẹ̀tì ọ̀tọ̀, bátìrì ọ̀tọ̀."

Ìbídùn yíjú sí i. Ọkùnrin tí òun fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé sókè! Kó tó ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu ti sọ ọ́.

"Ẹ kọ ọ́! Ẹ kọ ọ́ pé Tìámíyù ló ṣí i! Tìámíyù tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́jọ́ àtijọ́, ẹ̀yin náà mọ ilé rẹ̀. Ó tú u, ó yọ èyí tó kú nínú rẹ̀, ó fi èyí tó wà láàyè rọ́pò rẹ̀, ó sì dì í padà. Èyí tí ẹ ní ó máa jó wa nídìí ló ń gbé yín gòkè yìí. Èyí tí ìjọba dì fún yín ti kú bí ewé!"

Ẹyin lohùn. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí ló mọ̀ pé ó ti fọ́. Adégbuyì kàn yí ọrùn díẹ̀, ó ní, "Tìámíyù," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó tọ́ oyin wò, ó sì kọjú síwájú.

Ilé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bí ogójì ní Òkè-Ìdóko ni ọwọ́ Tìámíyù ti dé. Bátìrì tuntun kì í kan ẹni tí Ìgbìmọ̀ kò mọ̀. Àwọn tó kù, bí tiwọn bá kú, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Ọkùnrin àgbàlagbà náà ló ń sọ òkú bátìrì di alààyè nínú yàrá kótópó kan. Lóòótọ́, ọ̀gbẹ̀rì kan ní ìsàlẹ̀ ìlú ti ṣí bátìrì rí, ó jó ilé mọ́ èèyàn mẹ́ta lórí. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ṣí èdìdì bátìrì, Kòtò ni wọ́n ń rán an lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da òkú bátìrì sí, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń fi ọwọ́ ṣà á. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀, eyín wọn kì í pé.

Ó ku bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ kí wọ́n dé ibodè nígbà tí Adégbuyì ní kó fi òun sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé bí ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn. Ìbídùn dúró kó jìnnà díẹ̀, ó wá tẹ̀ lé e. Ìgbà tó débẹ̀, àwọn olùbẹ̀wò ti tò. Wọ́n ti pe Adégbuyì, ó ti dáhùn.

Mòńsúrátù ló jókòó sídìí gíláàsì ibodè, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ, tí ó mọ òfin ju àwọn tó ṣe é lọ. "Àǹtí, ẹ kú oòrùn," ló wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ìbídùn tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì. Ibodè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó tò sẹ́yìn gbọ́.

"Ìbídùn. Àbàwọ́n méjì. Ẹrù àjèjì láti ìyànà kẹta. Ìwọ̀n rẹ̀, èèyàn kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ kan. Ta lo fẹsẹ̀ tì?"

Mòńsúrátù gbójú sókè, ó wo àwọn kẹ̀kẹ́ olùbẹ̀wò tó wà lórí ìlà. Gbogbo wọn ló tan iná, àfi ọ̀kan.

"Ọ̀gá Adégbuyì," ló wí, "ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ jẹ iná rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé òun ló fipá kan kẹ̀kẹ́ yín."

Ìbídùn wo Adégbuyì. Adégbuyì kò wò ó.

"Kí èmi bẹ obìnrin yìí?" Ó fi ọwọ́ na aṣọ eérú rẹ̀ tó ti rọ mọ́ ara. "Mò ń gòkè lọ jẹ́jẹ́ tèmi, iná mi kú, mo ní kí n máa rìn ín. Ó wá láti ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ kan irin kẹ̀kẹ́ mi, ó ń tì mí kiri, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí àbàwọ́n tí mo kọ fún un ni. Ẹ bi í bóyá kò bú mi."

"Ìyá tó bí yín ńkọ́?" Ìbídùn pariwo. "Ìyá tí ẹ fi búra ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ńkọ́?"

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó tún kan ìyá mi."

Àwọn kan nínú àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń kígbe pé kí wọ́n tètè, pé oòrùn ń pa àwọn. Mòńsúrátù gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ikùn kẹ̀kẹ́ yín ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ. Àtàǹpàkò yín nìkan ló lè ṣí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́ ẹni tó bẹ ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí i láàbọ̀ o. Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí, gbogbo rẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ máa gbọ́."

Adégbuyì sún mọ́ Ìbídùn. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń nu ẹnu, abẹ́ rẹ̀ ló sì ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣí i. Mo ní kó o ṣí i. Èmi á bọ́ aṣọ, Tìámíyù á lọ sí Kòtò. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Tàbí kó o gbà á mọ́ra, kí n gbàgbé orúkọ tó o dá. N kò ní ẹ̀rí tí mo lè fi sọ ọ́ bí ikùn kẹ̀kẹ́ rẹ kò bá ṣí, ìwọ náà mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tèmi ti kú, òkú kì í gbọ́ràn."

"Ẹ̀yin yìí, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mo bẹ̀rù rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ mi ni mo bẹ̀rù jù."

"Ó ku ìṣẹ́jú kan kí n tì," ni ibodè wí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìbídùn fẹ́ jẹ́ èèyàn rere. Kò fẹ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ gùn. Ó gbé àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ó sì ń bá Tìámíyù jà nínú ara rẹ̀. Kí tiẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ṣe fún òun? Kì í kíni. Bí èèyàn bá gbé bátìrì lọ bá a, èébú ló máa kọ́kọ́ fi gbà á. Ó ti dàgbà, ó ti lo ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá rán an lọ sí Kòtò, kò ní pé ọdún kan tó máa fi kú, àbí òun ló ní kó máa ṣí nǹkan tí ìjọba ní kí wọ́n má ṣí? Òun ńkọ́? Òun ò tíì pé ogójì ọdún. Bóun bá padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá òun, ó lè jẹ́ ogójì ọdún mìíràn ni òun máa fi kí àwọn tó ń kọjá.

Àtàǹpàkò rẹ̀ kan gíláàsì náà, ó tutù. Kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ilé yẹn ló wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe Tìámíyù fúnra rẹ̀. Ìyá ìbejì tó máa ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ gba abẹ́rẹ́. Olùkọ́ afọ́jú tí kẹ̀kẹ́ ń sọ ọ̀nà fún. Ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ọpọ́n tà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ burú ju ti òun lọ. Bí wọ́n bá mú Tìámíyù, wọ́n á tú ilé rẹ̀, wọ́n á rí ìwé tó ń kọ orúkọ wọn sí, wọ́n á kó gbogbo bátìrì náà lọ, gbogbo wọn á jókòó. Ẹnu òun ló máa fa gbogbo rẹ̀. Òun ló dá orúkọ náà, kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Inú bí i sí Adégbuyì, inú bí i sí Tìámíyù, inú bí i sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára gíláàsì.

"Mo fẹsẹ̀ tì í," ló wí. "Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wù mí ni."

"Àǹtí…" Mòńsúrátù ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ní kò bẹ̀ mí! Ṣé o dití ni?"

"Àbàwọ́n kẹta," ni ibodè wí. "Àtàǹpàkò ti kú."

Iná ojú kẹ̀kẹ́ náà pa. Bó ti jẹ́ pé èèyàn kì í tètè gba nǹkan gbọ́, Ìbídùn tún na ọwọ́, ó tẹ ibi tó ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ náà jí díẹ̀, ó wò ó.

"N kò mọ̀ ọ́," ló wí, ó sì tún pa.

Ìyẹn ló dun Ìbídùn ju ohun tí ibodè sọ lọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, kò sì nù ún.

Mòńsúrátù jáde wá. Ó ṣí ìdí ìjókòó, ó yọ bátìrì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì mú ọ̀nà ibi tí kẹ̀kẹ́ Adégbuyì wà pọ̀n.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ojú Adégbuyì yí.

"Òfin ni, Ọ̀gá. Ìpín kì í ṣòfò. Ẹni tí wọ́n fipá kàn ló ni bátìrì ẹni tó kàn án. Ìdá mẹ́fà ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ó tó gbé yín sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán."

"Mo yọ̀ǹda rẹ̀. Kò pọn dandan. Bátìrì náà ti gbó."

"Ó gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdìdì rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ ti kà á." Mòńsúrátù dúró, ó gbé bátìrì náà mọ́ àyà. "Àbí ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò mọ̀?"

Àwọn olùbẹ̀wò tó kù yíjú. Ọ̀gá wọn pàápàá gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kà.

"Rárá," ni Adégbuyì wí. "Kí ni mo fẹ́ mọ̀?"

Wọ́n fi bátìrì náà sí i. Kẹ̀kẹ́ tan iná, ó kí i ní ọ̀sán. Ẹ sì máa rántí pé Adégbuyì gan-an ló ń ti ilé dé ilé, tó ń ti ilé ìwé dé ilé ìwé, tó ń wàásù pé bátìrì tí ọwọ́ èèyàn bá ṣí, ìdí ẹni tó bá jókòó lé e ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa fún wọn. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó rọra jókòó ní ìlàjì ìdí, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ jókòó dáadáa, Ọ̀gá," Ìbídùn wí, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. "Kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn máa ń gbóná díẹ̀ bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wò ó. Bí ojú bá ń pani, Ìbídùn ìbá ti kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe àwọn olùbẹ̀wò sí iṣẹ́ ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó dìde dúró lórí ibi ìfẹsẹ̀lé, kò jẹ́ kí ìdí òun kan ìjókòó, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ ara rẹ̀. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Àǹtí, ta ló ń bọ̀ wá mú yín?" Mòńsúrátù bi í.

"Ta ló lè mú mi? Èèyàn kan, kẹ̀kẹ́ kan. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin náà gba àpótí ẹyin, ó ní òun á bá a kó o fún àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn wọn, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń pariwo pé kí arọ náà kúrò lójú ọ̀nà. Arọ ni wọ́n sọ. Kò tíì pé wákàtí kan tí orúkọ Ìyá Ẹlẹ́yin bọ́ lórí rẹ̀.

Ó di ògiri ibodè mú, ó ń ta ẹsẹ̀ kan lọ títí ògiri fi tán. Òkè náà wá là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ga, òkúta rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ìbídùn ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan níwájú, ọwọ́ kan lẹ́yìn.

Kò tíì dé ìyànà àkọ́kọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan ré e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Kò gbọ́ nǹkan kan títí atẹ́gùn rẹ̀ fi gbá a lójú, tó fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó gùn ún kò wẹ̀yìn. Òun náà ti kọjá lára àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sì yé e rí ìdí tí wọ́n fi máa ń ṣépè. Láti ibẹ̀ lọ, bó bá ti wọ́ ìgbà mẹ́ta, á dúró, á wẹ̀yìn, kó tó tún wọ́.